Igun orí ọfà: kí ló dé tí àpapọ̀ rẹ̀ kò pé 360°?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí ọmọ mi tó wà ní JSS 3 ya onígun mẹ́rin tó rí bí orí ọfà, kó sì wọn àwọn igun rẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ 50°, etí méjèèjì jẹ́ 20° àti 35°, ibi tó wọnú jẹ́ 105°. Nígbà tó rò wọ́n pọ̀, 210° ló rí. Ṣebí 360° ló yẹ kó jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wíwọ̀n rẹ̀ dára. Ìta àwòrán ló ti wọn igun kẹrin. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kun inú àwòrán náà, ẹ ó rí i pé ní ibi tó wọnú, ohun tí ẹ kùn ju ìdajì òbìrípo lọ. Igun tòótọ́ nìyẹn. Protractor ilé ìwé kì í sábà kọjá 180°, nítorí náà ẹ wọn ìta, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 360: 360 − 105 = 255°. Ó di 50 + 20 + 35 + 255 = 360°.

Ẹ tún wo èsì ọmọ yín dáadáa: 50 + 20 + 35 = 105. Kì í ṣe èèṣì rárá! Ẹ pe ṣóńṣó ní A, etí méjèèjì ní B àti D, ibi tó wọnú ní C. Ẹ fa ìlà láti A gba C kọjá títí dé E. Onígun mẹ́ta méjì ló yọ. Nínú ABC, igun ìta BCE jẹ́ àpapọ̀ igun B àti apá igun A tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni DCE ní ìhà kejì. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí 105° tí ọmọ yín wọ̀n ní ìta C: A pé, B àti D wà níbẹ̀. Kò pọn dandan kí etí méjèèjì dọ́gba.

Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣìnà jù ni ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì tó wà lára protractor. Ẹni tó ka ọ̀wọ́ kejì yóò rí 75° dípò 105°, àpapọ̀ rẹ̀ á sì di 390°. Ẹ fi igun bébà wò ó: bí ẹnu ibi tó wọnú bá fẹ̀ ju igun bébà lọ, kò lè jẹ́ 75°. Bí ìlà bá kúrú tí kò dé etí protractor, ẹ fi rúlà fà á gùn kí ẹ tó kà á.

Ìbéèrè: Ṣé irú àwòrán yìí lè ní igun méjì tó ju 180° lọ?

Ìdáhùn: Rárá. Méjì péré á ti ju 360° lọ. Bí A, B àti D bá sì pé 180°, C á tọ́ gbọọrọ, onígun mẹ́ta ló máa kù.