Èsì: Ǹjẹ́ Usman jèrè bó ṣe pààrọ̀ olùkọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá Kamaru Usman, oníjà UFC (ìdíje ìjà tí wọ́n ti ń lo ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti ìjàkadì), jèrè kankan nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Henri Hooft, ní ọdún 2020, tó gba ọ̀dọ̀ olùkọ́ mìíràn, Trevor Wittman, lọ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, ó jèrè gan-an. Ẹ tún ìjà òun àti Gilbert Burns ti oṣù Kejì ọdún 2021 wò: Burns, tí wọ́n jọ wà lábẹ́ Hooft tẹ́lẹ̀, fi ẹ̀ṣẹ́ mì í jìgìjìgì ní ìpele kìíní, ṣùgbọ́n ńṣe ni Usman fara balẹ̀, tó ń na ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú sí i lójú léraléra, títí ọ̀kan fi gbé Burns ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kẹta. N kò sọ pé Hooft kò mọṣẹ́ o. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni Usman wà nígbà tó gba bẹ́líìtì aṣẹ́gun UFC ní ọdún 2019.