Ẹ Má Fi 2012 Bẹ̀rẹ̀ Ìṣirò Yìnyín Arctic

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní yìnyín ojú òkun Arctic, ní ìkangun àríwá ayé, fi ìdajì pọ̀ sí i láti 2012 sí 2013, ti Antarctica, ní ìkangun gúúsù ayé, náà sì ń gbòòrò, pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́. Nọ́ńbà yín kì í ṣe irọ́. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ló bà á jẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2012, yìnyín náà lọ sílẹ̀ dé bíi mílíọ̀nù 3.4 kìlómítà níbùú lóòró. Kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n láti ìparí 1978. Ìjì líle kan jà ní oṣù kẹjọ, ó fọ́ yìnyín tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 2013 ó gòkè dé bíi 5.1. Ṣùgbọ́n láàárín 1981 sí 2010, bíi 6.2 ló sábà máa ń kù nígbà tó bá kéré jù lọ́dún. Àgbẹ̀ Ìdànrè tó kó àpò kòkó 2 lọ́dún ọ̀dá, tó wá kó 3 lọ́dún kejì, kò ní sọ pé oko òun ti bọ̀ sípò bó bá rántí pé 4 lòun ń kó tẹ́lẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ fi wé oṣù kẹsàn-án, kí ẹ sì to gbogbo ọdún láti 1979 síra. Ẹ ó rí i pé ọdún 18 tí yìnyín kéré jù lọ nínú àkọsílẹ̀ náà títí dé 2024, láti 2007 sí 2024 ni gbogbo wọn wà.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí: ìṣirò méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn tó ń wọn yìnyín pín òkun sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kìlómítà 25 sí 25. Bí yìnyín bá ti bo ìdá 15 nínú 100 ojú igun kan, wọ́n á ka gbogbo igun náà sí yìnyín, bí ìgbà tí ènìyàn ka gbogbo ilẹ̀ sí oko kòkó nítorí igi díẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìṣirò kejì ń ka kìkì ibi tí yìnyín bò gan-an, nọ́ńbà tirẹ̀ sì máa ń kéré. Ẹni tó bá mú ọdún kan látinú èyí, tó mú òmíràn látinú ìyẹn, òfo ló ń kà. Nígbà ooru ní Arctic, omi tó dúró lórí yìnyín tún máa ń jọ òkun lójú sátẹ́láìtì, nítorí náà ìṣirò àkọ́kọ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Yìnyín ojú òkun Antarctica ju mílíọ̀nù 20 kìlómítà níbùú lóòró lọ lóòótọ́ ní oṣù kẹsàn-án 2014. Ó já wálẹ̀ láti 2016, ní oṣù kẹsàn-án 2023 kò sì tó 17.

Ẹ má sì so ti Ayétòrò, ìlú etíkun Oǹdó tí òkun ń gbé lọ, mọ́ yìnyín yìí. Ẹ ra áìsì blọ́ọ̀kù lọ́jà Ọba l'Ákùúrẹ́, ẹ fọ́ ọ sínú ife, ẹ bu omi sí i títí yóò fi kún dé ẹnu, kí áìsì náà léfòó. Bó bá yọ́ tán, omi ò ní ṣàn jáde. Yìnyín orí ilẹ̀, bíi ti erékùṣù ńlá Greenland, àti omi tó ń fẹ̀ nítorí ooru ló ń gbé òkun sókè. Ohun tí yìnyín ojú òkun ń ṣe ni pé ó ń dá ju ìdajì ìtànṣán oòrùn padà. Bó bá yọ́, omi dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ á gbé ju ìdá 90 nínú 100 mì, ooru náà á dúró sínú òkun, omi á sì pẹ́ kó tó tún dì.