Kí ni ìtumọ̀ "ẹ má ṣe ré kọjá ohun tí a ti kọ̀wé rẹ̀"?

Ohun tí ẹ béèrè ni pé: kí ni Pọ́ọ̀lù ní lọ́kàn nígbà tó sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n má ṣe ré kọjá ohun tí a ti kọ̀wé rẹ̀? Ẹ ní ẹnì kan fi ẹsẹ náà pa yín lẹ́nu mọ́ níbi tí ẹ ti ń wádìí ọ̀rọ̀, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ka ìbéèrè léèwọ̀ fún Kristẹni.

Rárá o, kò ka ìbéèrè léèwọ̀. Inú 1 Kọ́ríńtì 4:6 ni ọ̀rọ̀ náà wà, àmọ́ àtorí kìíní ló yẹ kéèyàn ti máa kà á bọ̀. Ìjọ náà ti pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí ń sọ pé ti Pọ́ọ̀lù lòun, ìyẹn ní ti Àpólò lòun, àwọn míì ń dárúkọ Kéfà, ìyẹn Pétérù. Bí Pọ́ọ̀lù ṣe ń bá wọn wí, ó ń fa ọ̀rọ̀ yọ látinú Aísáyà, Jeremáyà, Jóòbù àti Sáàmù, ó ń sọ léraléra pé "a ti kọ ọ́ pé". Ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹsẹ tó fà yọ yẹn forí lé: ọgbọ́n èèyàn kò jẹ́ nǹkan kan níwájú Ọlọ́run, ẹni tó bá sì máa ṣògo, kó ṣògo nínú Olúwa. Nígbà tó wá dé orí kẹrin, tó ní kí wọ́n má ré kọjá ohun tí a kọ, ó sọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má bàa máa gbéraga nítorí ẹnì kan sí ẹnì kejì.

Ìdí yẹn ni kí ẹ dì mú ṣinṣin. Ohun tó wà nínú Ìwé, gbogbo wa la lè ṣí i wò. Ohun tí oníwàásù rò lọ́kàn ara rẹ̀ ńkọ́? Àfi ká gbà á lẹ́nu rẹ̀. Tí olùkọ́ bá ti ré kọjá Ìwé, kò sí ohun míì tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró mọ́ àfi òun fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ ti di èèyàn rẹ̀ nìyẹn. Bí "ti Pọ́ọ̀lù ni mí" ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ wo àwọn ará Bèróà nínú Ìṣe 17:11. Pọ́ọ̀lù ló wàásù fún wọn, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wọ̀nyí rí. Lúùkù ò pè wọ́n ní aláfojúdi. Ó yìn wọ́n ni.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ni Jòhánù orí 21. Lẹ́yìn tí Jésù jíǹde, ó bá Pétérù sọ̀rọ̀ létí òkun Tìbéríà, ó sọ irú ikú tí yóò fi yin Ọlọ́run lógo. Pétérù yíjú pa dà, ó rí ọmọ ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ló bá ní, "Olúwa, eléyìí ńkọ́?" Jésù dá a lóhùn pé bí òun bá fẹ́ kó dúró títí òun ó fi dé, kí ló kan Pétérù níbẹ̀? Kí ó ṣáà máa tọ òun lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ará pé ọmọ ẹ̀yìn yẹn ò ní kú. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó pète irọ́. Gbólóhùn tí Jésù sọ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n kàn yọ "bí mo bá fẹ́" kúrò, wọ́n sì fi àbá tiwọn dí àlàfo tó kù. Báwo wá ni ìwé náà ṣe tún un ṣe? Kò dá àbá tuntun. Kò sọ pé ohun tí Jésù ń fọgbọ́n sọ nìyí. Ó ní Jésù ò sọ pé kò ní kú, ó wá tún ọ̀rọ̀ Jésù sọ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ó sì dákẹ́. Bí mo bá ń ka ẹsẹ 23 yẹn, ó máa ń wọ̀ mí lára gan-an. Ẹni tó kọ ìwé náà, tó sún mọ́ Jésù tó bẹ́ẹ̀, gbà kí ohun tí Olúwa kò ṣàlàyé wà láìní àlàyé.

Àwọn àfikún kan wà tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Mátíù ò sọ pé amòye mẹ́ta ló wá. Ẹ̀bùn mẹ́ta ló dárúkọ: wúrà, tùràrí àti òjíá. Jẹ́nẹ́sísì ò sọ irú èso tí Éfà jẹ. Ìṣe orí 9 ò dárúkọ ẹṣin kankan lójú ọ̀nà Damásíkù. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìyàtọ̀.

Àmọ́ àwọn kan wà tó ń ba ìgbàgbọ́ èèyàn jẹ́. Jésù sọ pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ àti wákàtí tí òun máa pa dà dé, àní Ọmọ pàápàá kò mọ̀ ọ́n (Máàkù 13:32). Síbẹ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn oníwàásù kan tó ń jẹ́ William Miller ní Amẹ́ríkà retí ìpadàbọ̀ Jésù ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, ọdún 1844, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn nínú ẹkún. Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà, náà kéde pé ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, ọdún 2011 ni ọjọ́ ìdájọ́. Àwọn tó gbà á gbọ́ wà tó jẹ́ pé owó tí wọ́n fi pa mọ́ ni wọ́n ná sórí ìkéde náà. Lọ́dún 2012, ó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun dá. Bíbélì làwọn méjèèjì fi ń ṣírò, ẹsẹ lóríṣiríṣi ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé títọ́ka sí ẹsẹ nìkan kò tó. Èṣù náà tọ́ka sí Sáàmù 91 nínú Mátíù orí 4. Ohun tí Jésù fi dá a lóhùn ni pé "a sì tún kọ ọ́ pé". Ẹsẹ kan gbọ́dọ̀ bá ìyókù Ìwé dọ́gba.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ríronú lórí Ìwé àti ríré kọjá rẹ̀ jọ jẹ́ nǹkan kan náà. Nígbà táwọn Sadusí ní kò sí àjíǹde, Jésù mú wọn lọ síbi tí Ọlọ́run ti sọ fún Mósè pé, "Èmi ni Ọlọ́run Ábúráhámù, Ọlọ́run Ísákì, Ọlọ́run Jékọ́bù." Kò sí "àjíǹde" nínú gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í ṣe Ọlọ́run òkú, nítorí náà àwọn baba yẹn wà láàyè lójú rẹ̀. Inú ẹsẹ náà ni àlàyé yẹn ti jáde. Ẹnikẹ́ni lè tọ̀ ọ́ bó ṣe lọ. Àbá ni ẹ óò máa wá ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí ẹ ò ní rí i.

Bí wọ́n bá wá bi yín ní irú nǹkan bí ẹ̀gún inú ara Pọ́ọ̀lù (2 Kọ́ríńtì 12:7), kò burú tí ẹ bá sọ pé àwọn kan rò pé àìsàn ojú ni, nítorí Gálátíà 4:15, kí ẹ sì fi kún un pé èrò lásán nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹsẹ 8 àti 9 sí wọn létí. Ìgbà mẹ́ta ló bẹ Olúwa pé kó mú un kúrò. Olúwa ò mú un kúrò. Ohun tó sọ fún un ni pé oore-ọ̀fẹ́ òun tó fún un.