Ibì kan ni mo tún ṣe, kí ló dé tí ibòmíràn fi bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ètò kọ̀ǹpútà ńlá kan ni àwa mélòó kan jọ ń kọ. Mo tún function kan (abala kóòdù kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó) tó ń gbé ọjọ́ jáde ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí apá tó ń tẹ rìsíìtì ṣe daṣẹ́ sílẹ̀. N kò fọwọ́ kan ibẹ̀ rárá! Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tó so mọ́ kóòdù kan kí n tó fọwọ́ kàn án?

Ìdáhùn: Èyí tó hàn síta kò le. Ẹ wá orúkọ function náà káàkiri gbogbo kóòdù, ẹ ó rí ibi gbogbo tí wọ́n ti ń pè é, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Èyí tẹ́nikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀: apá kan ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọdún ni yóò máa ṣáájú oṣù, tàbí pé file kan yóò ti wà nílẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ti ilẹ̀ Yúróòpù gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò lò tó ìṣẹ́jú kan lófuurufú tó fi fọ́ yángá. Ara Ariane 4 ni wọ́n ti gbé kóòdù tó kùnà wá, kò sì yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀. Ó ti gbà pé iye kan tó jẹ mọ́ ìyára kò ní pọ̀ ju ohun tí bit 16 (ààyè kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà) lè gbà. Ariane 5 sì kọjá ibẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ tí kóòdù yẹn ń ṣe kò wúlò mọ́ fún Ariane 5 tó bá ti gbéra kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi function àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ test (kóòdù tó ń yẹ kóòdù mìíràn wò) tó ń ṣọ́ ohun tí rìsíìtì ń gbé jáde báyìí, kí ẹ wá máa kó àwọn tó ń pe àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò bá ku ẹnì kan tó ń pè é mọ́, ẹ pa á rẹ́. Ó ń gba àkókò lóòótọ́, ọ̀gá yín sì lè kùn. Tí apá méjì bá sì ń pe ara wọn, ẹ yọ ohun tí wọ́n jọ ń lò sí apá kẹta, torí kò sí èyí tí ẹ lè tún ṣe lóun nìkan.

Ní ti rìsíìtì yín, ẹ wo ohun tó ń fi ọjọ́ náà ṣe lẹ́yìn tó bá gbà á. Tó bá ń gé e bí ọ̀rọ̀ lásán, tó ń mú àmì mẹ́rin àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ọdún, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.