Ṣé ẹ̀gbọ́n mi lè fún mi ní ilé ọmọ tirẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 33 ni mí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ẹ̀jẹ̀ kọ̀ kò dá, wọ́n sì yọ ilé ọmọ mi kí n má baà kú. Ọmọ náà kò dúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọlọ́mọ mẹ́rin, ní òun ṣe tán láti fún mi ní ilé ọmọ tirẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ọmọ ta ni ọmọ náà yóò sì jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Ó ṣeé ṣe. Oṣù Kẹsàn-án 2014 ni wọ́n gbẹ̀bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Sweden. Ẹni ọdún 61 ló yọ̀ǹda ilé ọmọ náà. Lọ́dún 2025, obìnrin kan bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ ni ọmọ. Ẹyin ara yín ni dókítà yóò pò mọ́ àtọ̀ ọkọ yín níta ara, wọn yóò sì tọ́jú ọlẹ̀ náà sínú òtútù kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í so ọ̀nà ẹyin mọ́ ilé ọmọ tuntun, nítorí náà dókítà ni yóò gbé ọlẹ̀ síbẹ̀.

Oògùn ló le jù lójú tèmi. Ara a máa gbógun ti ilé ọmọ àjèjì, nítorí náà ojoojúmọ́ lẹ ó máa lo irú oògùn tí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ń lò. Ó lè pa kíndìnrín lára, àìsàn a sì máa tètè ranni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yọ ilé ọmọ náà padà lẹ́yìn ọmọ kan tàbí méjì. Nínú obìnrin 9 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní Sweden, wọ́n yọ ti méjì láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn tó yọ̀ǹda tiwọn sì lo ju wákàtí 10 lọ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ.

Bí ẹ bá jẹ́ àbúrò mi, n óò ní kí ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá ó lè bá yín gbé oyún náà. Ọlẹ̀ kan náà ni, ẹ kò sì ní lo oògùn yẹn. Àmọ́ ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí lọ́yà sì kọ àdéhùn sílẹ̀, torí ẹnu àna kò ṣeé dí.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹyin yín ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé iṣẹ́ abẹ yín, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n yọ ilé ẹyin mọ́ ilé ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe scan, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.