Ilẹ̀ Dúdú Àkùrọ̀ Tó Ń Rì: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Okun o, ẹ̀yin olóòtú. Ọdún kẹrin rè é tí mo ti la kòtò tó jìn ní mítà kan sí àkùrọ̀ mi, níbi tí igbó ògùrọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ata ṣe dáadáa. Ní báyìí ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé gbòǹgbò igi ti yọ síta, omi òjò sì ń dúró lé e lórí. Ẹnìkan ní afẹ́fẹ́ olóró ni ilẹ̀ náà ń tú jáde. Ṣé òótọ́ ni? — Àgbẹ̀ kan, Ìsánlú

Carbon dioxide ni afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù tí ilẹ̀ náà ń tú jáde. Kì í ṣe olóró, kò lè pa yín lóko, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná. Bí ilẹ̀ yín ṣe ń di afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kó lọ sílẹ̀. Ewé àti gbòǹgbò ògùrọ̀ tó ti ń já sínú omi láti ayébáyé kò jẹrà tán, nítorí atẹ́gùn kò ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn; ilẹ̀ tí wọ́n dì là ń pè ní ilẹ̀ eléwé jíjẹrà (peat). Nígbà tí kòtò fa omi kúrò, ilẹ̀ kọ́kọ́ fún pọ̀; lẹ́yìn náà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì ń di carbon dioxide. Náítírójìn tó tú sílẹ̀ níbẹ̀ ni ata yín jẹ yó ní ọdún méjì yẹn, òun ni kò jẹ́ kí ẹ tètè fura. Díẹ̀ nínú rẹ̀ di nitrous oxide, tó ń mú ayé gbóná ju ìwọ̀n carbon dioxide kan náà lọ ní ìlọ́po 273 láàárín 100 ọdún.

Ìṣirò IPCC, àjọ àgbáyé tó ń ṣàyẹ̀wò ìmọ̀ nípa ìyípadà ojú ọjọ́, ti ọdún 2013 fún irú ilẹ̀ yìí ní ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n bá fa omi rẹ̀ láti fi dáko, ni pé tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù 14 ń jáde lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Ìyẹn tó tọ́ọ̀nù carbon dioxide 51. Ní Holme Fen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ri ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀ ní 1851 kí orí rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ilẹ̀. Lónìí ó ti yọ síta ní nǹkan bíi mítà 4. Òtútù ló sì wà níbẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ooru ló ń mú kí ilẹ̀ yìí tètè jẹrà.

Ẹ má dí kòtò náà pátápátá. Mítà kan ti pọ̀ jù fún ata. Gbòǹgbò ẹ̀fọ́ àti ata lórí ebè gíga kò nílò ju kí omi wà ní 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀. Níbi gbogbo tí ìsàlẹ̀ kòtò bá ti fi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ sílẹ̀, ẹ ṣe ìdènà kan. Amọ̀ ni kí ẹ kó sínú àpò, kì í ṣe yanrìn, torí omi máa ń gba inú yanrìn kọjá. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò méjèèjì wọlé ní ìdajì mítà, kí ẹ gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú, kí àpò lè jókòó sínú ilẹ̀ tí a kò tíì tú. Ibi tí ìdènà ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyí: omi á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á sì gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ dá àlàfo sí àárín orí rẹ̀, kí omi àjẹjù máa gba ibẹ̀ lọ nígbà òjò.

Kí ẹ má bàa máa fojú díwọ̀n, ẹ ri páìpù oníke oníǹṣì méjì, tó gùn ní mítà kan àtààbọ̀, sí àárín oko. Ẹ lu ihò sí mítà kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ wé e. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ láti wọn orí páìpù dé ojú omi, kí ẹ sì yọ apá tó yọ sókè ilẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ bá wọ̀n.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ilẹ̀ dúdú tèmi jẹ́ ilẹ̀ eléwé jíjẹrà? — Kàbà

Àwọ̀ nìkan kò tó. Amọ̀ dúdú tó máa ń lanu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ara rẹ̀. Amọ̀ àti yanrìn tí odò kó wá ló sì pọ̀ jù nínú àkùrọ̀ wa. Ẹ bu ilẹ̀ láti 10 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ sá a, ẹ yan án lórí iná díẹ̀ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí mọ́. Ẹ wọn 100 gíráàmù sínú páànù irin, ẹ gbé e ka ẹ̀yín iná tó múná, ẹ máa rò ó níta títí kò fi ní rú èéfín mọ́, tí dúdú rẹ̀ á sì tán. Bí ohun tó kù kò bá tó 80 gíráàmù, ó ṣeé ṣe kí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òdiwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò nìyẹn. Amọ̀ púpọ̀ lè tàn yín, nítorí òun náà ń pàdánù omi nínú iná. Bó bá súnmọ́ ààlà, ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ilẹ̀.

Tí a bá dá omi dúró, ṣé methane, afẹ́fẹ́ mìíràn tó ń mú ayé gbóná, kò ní jáde ni? Ìrẹsì ni mo ń gbìn. — Ẹ̀gbẹ̀

Yóò jáde. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 12 ni methane ń lò lójú sánmà, carbon dioxide sì ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lórí ilẹ̀ eléwé jíjẹrà, títí omi yóò fi tó 30 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ilẹ̀, gbogbo 10 sẹ̀ǹtímítà tí ẹ bá gbé e sókè ń dín ohun tó ń jáde kù ní ó kéré tán ìwọ̀n tó dọ́gba pẹ̀lú tọ́ọ̀nù carbon dioxide 3 lórí hẹ́kítà lọ́dún, a sì ti ka methane mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀ ni ìrẹsì yín wà, ọ̀nà mìíràn ni: ẹ jẹ́ kí omi lọ sílẹ̀ dé 15 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀ ilẹ̀ kí ẹ tó tún dà á sí i, àfi nígbà tó bá ń tanná. Ẹ má ṣe èyí lórí ilẹ̀ eléwé jíjẹrà o, ńṣe ni gbígbẹ yẹn máa sọ ọ́ di oúnjẹ fún kòkòrò.

Iná tí a fi sun koríko nígbà ọyẹ́ wọlẹ̀, ó sì ń rú èéfín lọ́jọ́ kẹta. Kí la máa ṣe? — Mọ́pà

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jó. Bíbo iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn kò ní pa á. Ẹ gbẹ́ yàrà yí i ká títí dé amọ̀ tàbí yanrìn ìsàlẹ̀, kí iná má bàa rí ọ̀nà kọjá, kí ẹ sì da omi sínú ilẹ̀ tó ń jó náà, kí ẹ máa fi ọkọ́ tú u pọ̀ mọ́ omi títí tí yóò fi di ẹrọ̀fọ̀ tútù. Ẹ rọra tẹ ibẹ̀, torí inú ilẹ̀ tó ti jó lè ṣófo kí orí rẹ̀ sì ṣì dúró. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹrọ̀fọ̀ náà lọ́jọ́ kejì tó ṣì gbóná, ẹ tún omi dà.