Sítáǹbù ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin Kánádà: ẹ má tíì rẹ ẹ́ sómi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa kàwé ní Kánádà láyé àtijọ́. Nígbà tí a ń tú ẹrù wọn lẹ́yìn ìsìnkú, a rí énfílọ́ọ̀pù kan tí sítáǹbù mẹ́ta wà lára rẹ̀: ọ̀gá ọlọ́pàá kan pẹ̀lú máàpù, ẹ̀rọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dá mọ̀, àti ọlọ́pàá lórí ẹṣin. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú kà 1973. Àbúrò mi ní ohun tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á ti gbówó lórí. Ó ti pọnmi sínú abọ́ kí a rẹ ẹ́, kí sítáǹbù lè bọ́, kí a tà á. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ẹ bá mi bẹ àbúrò yín kó da omi yẹn nù. Sítáǹbù tó bá ti kúrò lára énfílọ́ọ̀pù rẹ̀ ò tún lè padà síbẹ̀ bó ṣe wà. Nínú ohun tí ẹ rí yẹn, énfílọ́ọ̀pù gan-an ni ẹni tó mọ̀ ọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ṣàjèjì sí mi. Wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde fún ọgọ́rùn-ún ọdún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Kánádà, tí ìjọba John A. Macdonald dá sílẹ̀ ní 1873 pẹ̀lú orúkọ North-West Mounted Police. Láti 1920 ni wọ́n ti ń jẹ́ Royal Canadian Mounted Police. Ẹni tó wà lórí sítáǹbù sẹ́ǹtì 8 ni George Arthur French, kọmíṣánnà wọn àkọ́kọ́. Máàpù tó wà níbẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní 1874.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá wo máàpù yẹn. Lórí sítáǹbù, ìrìn náà mọ́ tónítóní. Lójú ọ̀nà gan-an, ojú wọn rí màbo. Nǹkan bí ọlọ́pàá 275 ló gbéra ní Fort Dufferin ní oṣù keje, wọ́n ń lọ lé àwọn oníṣòwò ọtí tó fìdí kalẹ̀ sí Fort Whoop-Up. Koríko ò tó ẹṣin jẹ, omi ṣọ̀wọ́n, ẹṣin ń kú, ọ̀nà sì dàrú mọ́ wọn lójú. Jerry Potts, afinimọ̀nà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà ní Kánádà kí òyìnbó tó dé, ló wá mú wọn débẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa dé, olọ́tí ti palẹ̀ mọ́. (Ọdún 1874 yẹn náà ni Èkó kọ́kọ́ ní sítáǹbù tirẹ̀, tòun ti orí Ọbabìnrin Victoria. Àwa tí a ń ta sítáǹbù nìkan ni irú nǹkan báyìí máa ń dùn mọ́.)

Ẹ̀rọ tí ẹ ò dá mọ̀, ti sẹ́ǹtì 10, spectrograph ni. Ó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ oríṣiríṣi, kí ọlọ́pàá lè mọ ohun tó wà nínú èérún ọ̀dà tàbí irin tí wọ́n bá ṣà níbi tí ọ̀daràn ti ṣọṣẹ́. Ti sẹ́ǹtì 15 ni Musical Ride, àwọn ẹlẹ́ṣin 32 tó ń dárà pẹ̀lú orin. Ohun tí iléeṣẹ́ bá fẹ́ kí a rántí ló máa ń wà lórí sítáǹbù ayẹyẹ. Àwọn ọmọdé inú àwọn ọmọ onílẹ̀, tí ọlọ́pàá yìí bá ìjọba kó lọ sí iléèwé tipátipá, tí ọ̀gá àgbà wọn tọrọ àforíjì lé lórí ní 2004, ẹ ò ní rí wọn níbẹ̀.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ sítáǹbù di olówó iyebíye. Irú èyí, àìmọye mílíọ̀nù ni wọ́n ń tẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kó o pamọ́ nítorí pé ti ayẹyẹ ni. Èyí tí wọ́n ti lù lóǹtẹ̀, tí wọ́n sì ti bọ́, inú ike ni à ń dà á sí, tí à ń tà á lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Owó ọkọ̀ àbúrò yín dé ọ̀dọ̀ mi lè jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹtẹ̀ yẹn dáadáa. Tó bá kà “Day of Issue” àti “Jour d'émission”, tí kò sí àdírẹ́sì lára énfílọ́ọ̀pù, á jẹ́ pé fún àwọn tó ń kó sítáǹbù jọ ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wà nílẹ̀, owó rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ó sàn ju sítáǹbù lásán lọ. Tó bá jẹ́ lẹ́tà tó la òkun kọjá wá sílé ni, tí ìkọ̀wé Bàbá àti àdírẹ́sì ilé yín wà níwájú, tí òǹtẹ̀ pósófíìsì tiwa wà lẹ́yìn, èyí ló wù mí jù. Sẹ́ǹtì 8 ni lẹ́tà lásán ń gbà nínú Kánádà nígbà náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín jẹ́ 33. Ẹni tó lẹ gbogbo ìyẹn mọ́ lẹ́tà kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó fẹ́ kí àwọn ará ilé rí àwòrán ni.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn án, ẹ má fọwọ́ tó láàgùn mú un, ẹ má sì kì í bọ ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bíi kẹ́míkà. Ẹ fi bébà funfun tó mọ́ bò ó, kí ẹ kó o sínú fáìlì, níbi tí atẹ́gùn ń dé. Ọ̀rinrin àsìkò òjò ti ba ọjà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ju kòkòrò lọ.

Tí ara bá ṣì ń yún àbúrò yín láti rẹ nǹkan, kó wá énfílọ́ọ̀pù tí kò já mọ́ nǹkan kan, kó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí sítáǹbù fúnra rẹ̀ bọ́ láìfà á. Kó má lo énfílọ́ọ̀pù pupa o, àwọ̀ rẹ̀ á ràn mọ́ ọn. Ti Bàbá, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fi han oníbàárà kankan. Kí ẹ kàn bo àdírẹ́sì.